Playoff kúrò ní ẹgbẹ́ 4, ó di 12: ta ló jàǹfààní rẹ̀?

Bọ̀dé_Dallas

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan ń lọ níbi iṣẹ́ wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i. Indiana ti gba ife bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì. Indiana ni mo wí o! Ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí orúkọ wọn kì í jìnnà sí òkè bí wọ́n bá ń ka àwọn tí wọ́n ti nà jù nínú ìtàn eré yẹn. Lọ́jọ́ 19 oṣù kìíní 2026, ní Miami Gardens, wọ́n na Miami 27-21, wọ́n sì parí sáà láìpàdánù ẹyọ kan: 16-0.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní playoff ẹlẹ́gbẹ́ 12 (ìdíje ìparí sáà tí ẹni tó bá pàdánù ń lọ sílé) ló bí Indiana. Ó ní wọ́n ṣílẹ̀kùn, tálákà wọlé, ó sì gba àga jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí.

Fún ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e: látorí sáà 1998 dé 2013, ẹgbẹ́ 2 péré ni ìbò àti kọ̀ǹpútà ń yàn láti wá jà sí ife. BCS ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Láti 2014 dé 2023, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló ń yan ẹgbẹ́ 4. Láti sáà 2024 ló ti di 12: ní sáà 2024 àti 2025, àwọn 5 tí ipò wọn ga jù lára àwọn tó gba ife conference wọn (ìyẹn líìgì tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan wà) ló wọlé, àti àwọn 7 míì tí ìgbìmọ̀ rí i pé wọ́n kájú ẹ̀. Àwọn 4 tó wà lókè pátápátá kì í gbá ìpele àkọ́kọ́.

Ìbéèrè méjì ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ̀ wọ́n pọ̀. Ṣé bó ṣe ń fẹ̀ yìí, ẹni tí ife tọ́ sí ló ń gbà á? Ṣé oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló sì ń gbà á?

Ṣọlá_Oníṣirò

Ẹ jẹ́ ká dáhùn èkejì ná, torí òun ló ṣeé kà.

Ẹ mú sáà 10 àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ 2 ń wọlé, 1998 sí 2007. Àwọn tó gba ife: Tennessee, Florida State, Oklahoma, Miami, Ohio State, LSU, USC, Texas, Florida, ó tún wá kan LSU. Ẹgbẹ́ 9 nínú sáà 10. (Wọ́n padà wọ́gi lé ti USC ti 2004, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá ni èmi ń kà.)

Ẹ wá mú sáà 10 tí ẹgbẹ́ 4 ń wọlé, 2014 sí 2023: Ohio State, Alabama, Clemson, Alabama, Clemson, LSU, Alabama, Georgia, Georgia, Michigan. Ẹgbẹ́ 6.

Wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà ní ìlọ́po méjì, àwọn tó ń gbé ife jáde sì dín kù.

Bọ̀dé_Dallas

Ṣọlá, o ṣé gan-an. Kí lo rò pé ó fà á?

Ṣọlá_Oníṣirò

Alabama ti sáà 2017 ni kí o wò. Wọn ò gba ife SEC, conference wọn, lọ́dún yẹn, wọn ò tilẹ̀ dé àṣekágbá rẹ̀. Auburn ti nà wọ́n. Nígbà BCS, ilé ni wọ́n máa wà. Ìgbìmọ̀ mú wọn ṣe ìkẹrin, wọ́n na Clemson, wọ́n na Georgia, wọ́n gbé ife. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fẹ̀, àlejò kọ́ ló gba ibẹ̀ wọlé. Onílé tí wọ́n ti tì síta ló gba ibẹ̀ padà.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu ṣá. Lórí ìwé, ó yẹ kí ife fọ́n ká. Ká ní ẹgbẹ́ kan lágbára débi pé ẹnikẹ́ni tó bá kò, ìgbà 8 nínú 10 ló máa borí. Tó bá jẹ́ ìdíje 1 ló kù kó gba ife, ó ní 80 nínú 100. Tó bá jẹ́ 2, 64. Tó bá jẹ́ 3, 51. Tó bá jẹ́ 4, 41. Ìyẹn ni pé nínú playoff ẹlẹ́gbẹ́ 12, ẹgbẹ́ tó dára jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí lè má tó ìdajì láti gba ife. Síbẹ̀ Alabama àti Georgia gbé e 5 nínú 10. Àfi kó jẹ́ pé agbára tiwọn ju 8 nínú 10 lọ nígbà yẹn, èmi sì gbà pé ó jù ú lọ. Gbogbo ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń sá tọ àwọn tó ń fara hàn ní playoff.

Adé_Columbus

Ẹ̀yin ń ka oye ẹgbẹ́, ẹ ò sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ẹ gbọ́ ti Ohio State.

Sáà 2024, a pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Oregon fi ayò kan péré nà wá, 32-31. Lẹ́yìn náà… ẹ mọ ìyókù. Ipò 6 ni ìgbìmọ̀ fi wá sí, wọ́n ní ká wọ playoff bíi seed 8, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún wa nínú ìdíje fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ètò ẹlẹ́gbẹ́ 4, orí àga la ti máa wo ìyókù.

Kí la wá ṣe? Tennessee, 42-17. Oregon tí wọn ò tíì nà rárá, tí wọ́n jẹ́ seed 1, 41-21. Texas, 28-14. Notre Dame ní àṣekágbá, 34-23. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́rin, kò sí èyí tó sún mọ́ wa ju ayò 11 lọ. Ta ló lè dìde kó sọ pé àwa kọ́ la dára jù? Ètò àtijọ́ ì bá ti fi ife yẹn fún ẹlòmíì.

Kọ́lá_AnnArbor

Adé, o fo ibì kan o. “Ẹ mọ ìyókù” kẹ̀? Jẹ́ kí n bá ọ parí ẹ̀: 13-10. Ilé yín ni. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024. Michigan tó ti pàdánù ìdíje 5, tí kò sí nínú àwọn 25 tí wọ́n ń tò, ló na yín níwájú àwọn èèyàn yín.

Láyé àtijọ́, ọjọ́ yẹn ni sáà yín parí. Ohun tó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yunifásítì yàtọ̀ nìyẹn: gbogbo Sátidé ló ní ẹ̀rù tiẹ̀. Nígbà tí àwa gba ife ti 2023, 15-0 ni, a ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ẹ̀yin gba ife pẹ̀lú ìwé ìdáríjì lápò.

Alàgbà_Àkúrẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ mi tó wà ní Maryland ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé mọ́ra sá yẹn tó yín, àmọ́ ohun tí ẹ ń bá ara yín fà yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ rántí AFCON tí wọ́n gbá ní Côte d’Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024? A na onílé 1-0 ní ìsọ̀rí, penalty Troost-Ekong. Ọjọ́ mélòó kan sí i, Equatorial Guinea da 4-0 lé wọn lórí ní Abidjan, wọ́n sì ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Gasset, máa lọ. Ká ní ẹgbẹ́ 16 ló ṣì ń díje bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni méjì péré ni ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan máa mú, wọ́n á ti máa wo wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ láti 2019 tó ti di 24, mẹ́rin lára àwọn tó ṣe ipò kẹta náà ń kọjá. Bí wọ́n ṣe yọ́ kọjá nìyẹn. Emerse Faé gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Gasset. Ọjọ́ 11 oṣù kejì, wọ́n na wa 2-1 ní àṣekágbá.

Ẹgbẹ́ tí a ti nà! Kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi bí ìyẹn ṣe tọ́.

Adé_Columbus

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná lára èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ́ kọjá, Senegal tó ni ife lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kò, wọ́n lé e sílé. Wọ́n na Mali, wọ́n na DR Congo, kó tó kàn wá. Wọn ò gba orí oríire nìkan dé bẹ̀.

Alàgbà_Àkúrẹ́

Mo gbọ́, ọmọ mi. Inú mi ò kàn gbà á ni.

Dèjì_Tally

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ṣàárò ètò ẹlẹ́gbẹ́ 4, kó wá bá mi sọ̀rọ̀ lórí Florida State ti 2023.

13-0. A gba ife ACC, conference wa. Ní oṣù kọkànlá, ẹsẹ̀ quarterback wa (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), Jordan Travis, ṣẹ́ lórí pápá. Àwọn ọmọ yòókù di ìdíje tó kù mú, wọn ò pàdánù ẹyọ kan. Ìgbìmọ̀ jókòó nínú yàrá, wọ́n ní láìsí Travis àwa ò ní lè ṣe é, wọ́n mú Alabama tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi wá ṣe ìkarùn-ún. Wọn ò dá wa lẹ́bi ohun tí a ṣe, ohun tí wọ́n rò pé a máa ṣe ni. Ẹ sọ fún mi, eré ìdárayá wo ló tún ń fi àlá yan ẹni tó máa gbá a?

Ẹlẹ́gbẹ́ 12 gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ conference ńlá tí kò pàdánù rárá kò ní sí níta mọ́. Èyí nìkan tó fún mi.

Kọ́lá_AnnArbor

Dèjì, Georgia na yín 63-3 ní Orange Bowl (ọ̀kan lára àwọn ìdíje bowl tí wọ́n ń gbá níparí sáà) lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Dèjì_Tally

Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n já wọn jù sílẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ní àwọn ò gbá mọ́: àwọn kan ń múra NFL (líìgì àwọn tó ń gbá a jẹun), àwọn kan ti wọ portal (ibi tí ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ láti kó lọ ilé ìwé míì). Àwọn tó kù ni Georgia nà. Tí o bá lé àlejò kúrò nídìí àsè, má fi ebi rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

Àwa tilẹ̀ sàn, a lórúkọ. UCF ńkọ́? Sáà 2017, 13-0. Wọ́n na Auburn 34-27 ní Peach Bowl, Auburn yẹn kan náà tó na Alabama àti Georgia tí wọ́n jọ gbá àṣekágbá. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà. Utah 2008, kò pàdánù rárá. TCU 2010, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó gba ife kẹ́yìn láti ìta àwọn conference ńlá ni BYU, ọdún 1984. Ìwọ̀nyí ni ètò àtijọ́ tí ẹ ń yìn.

Màmá_Ọládipọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ tèmi ló ń gbá a. Kì í ṣe ní ilé ìwé ńlá. Iwájú ló máa ń dúró, àwọn tó ń dènà fún quarterback, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn àfi tí wọ́n bá ṣẹ̀. Tí mo bá pè é lórí WhatsApp lálẹ́ Sátidé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wà nínú ike oníyìnyín. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì, plaster ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ mọ́ra ní gbogbo sáà tó kọjá. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun níwájú mi, ó sì ń sọ pé, “Mọ́mì, kò sí nǹkan.”

Nítorí náà, tí ẹ bá ń sọ pé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ máa rántí pé ara ọmọ èèyàn ni wọ́n fi ń fẹ̀ ẹ́. Ohio State gbá 16 ní sáà 2024, Indiana náà gbá 16. Àwọn NFL tó jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, 17 ni kí playoff tiwọn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì, ẹ ò tíì dárúkọ ìpele tí ọmọ mi wà, ìyẹn FCS, tó tẹ̀ lé ti àwọn ńlá. Tiwọn ti di ẹgbẹ́ 24 láti 2013. Mẹ́rìnlélógún! Ta wá ni ó ń gbé ife? Láti sáà 2011 dé 2024, North Dakota State gbé e ní ìgbà 10. Wọ́n gbé e ní sáà márùn-ún tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn gbòòrò ló ń pín ife fún oríṣiríṣi èèyàn, kó lọ bá wọn ní Fargo, ìlú wọn.

Ṣọlá_Oníṣirò

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ẹ ti bá mi parí iṣẹ́. Èmi ì bá má rántí FCS.

Bọ̀dé_Dallas

Màmá, ẹ ṣeun, a gbọ́ yín. Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé gan-an lẹ gbé e dé.

Ẹ padà sórí Indiana. Sáà 2023, ìdíje 3 péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 9. Wọ́n gba Curt Cignetti láti James Madison. Kò dá wá: ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ti kọ́ níbẹ̀ ló kó tẹ̀ lé e. Fernando Mendoza tó gba Heisman (àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù) ní sáà 2025, Yunifásítì California ló ti wá. Kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú playoff 12? Láti 2021 ni wọ́n ti ní ọmọ lè kúrò ní ilé ìwé kan bọ́ sí òmíì láì jókòó ní ọdún kan. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbà kí wọ́n máa fi orúkọ ara wọn gbowó. Láti sáà 2025, ilé ìwé fúnra rẹ̀ lè san owó fún àwọn eléré rẹ̀, tó bí 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta ní Alabama, kò ní jókòó mọ́. Ó ti lọ síbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kó gbá, tí wọ́n á sì sanwó fún un. Ibẹ̀ ni agbára ti fọ́n ká.

Ẹ tún wo èyí. Indiana ni ipò 1 kí playoff tó bẹ̀rẹ̀, àwọn nìkan ni wọn ò tíì nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na Ohio State 13-10 ní Indianapolis. Nínú ètò BCS, wọ́n máa wà lára àwọn 2 tí wọ́n máa mú. Nínú ètò ẹlẹ́gbẹ́ 4, wọ́n wà níbẹ̀. Ètò yòówù kí wọ́n lò, Indiana ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fẹ ilẹ̀kùn. Playoff 12 ò bí wọn, ó kàn fún wọn ní ìdíje púpọ̀ sí i tí wọ́n lè pàdánù ni.

Kọ́lá_AnnArbor

Ti portal yìí dájú. Ẹ rántí ọmọ wa, Olu Oluwatimi? Virginia ló ti wá bá wa ní 2022. Ọdún kan péré tó lò, ó gba Outland, ó gba Rimington (àmì ẹ̀yẹ àwọn tó ń dúró níwájú), Michigan ò sì pàdánù títí dé playoff. Orúkọ rẹ̀ dùn ún gbọ́ lẹ́nu àwọn òyìnbó asọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọn ì báà pè é ní àpèkù.

Dèjì_Tally

Bọ̀dé, ọ̀rọ̀ ẹ dáa lórí Indiana. Àmọ́ Miami ńkọ́? Seed 10. Ètò ẹlẹ́gbẹ́ 4 tàbí 6 tàbí 8 ò ní mú wọn. Wọ́n lọ na Texas A&M ní ilé wọn 10-3, wọ́n na Ohio State 24-14, wọ́n na Ole Miss 31-27, ó ku díẹ̀ kí wọ́n na Indiana. Mo kórìíra Miami bí ọmọ Tallahassee, ìlú Florida State, ṣe gbọ́dọ̀ kórìíra wọn, àmọ́ bí ilẹ̀kùn ò bá fẹ̀ a ò ní mọ̀ láéláé pé wọ́n tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọlá_Oníṣirò

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Miami ṣe wọlé. Àwọn àti Notre Dame, 10-2 àti 10-2. Miami na Notre Dame 27-24 ní oṣù kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìgbìmọ̀ fi to Notre Dame sókè Miami, àfi ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n yí i padà. Notre Dame bínú débi pé wọ́n ní àwọn ò gbá bowl kankan mọ́. Yàrá tí wọ́n ti fi àlá yan èèyàn, Dèjì, ó ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni ẹkún máa ń wà, ó ti kúrò níbẹ̀ lọ sáàárín ìkẹwàá àti ìkọkànlá, torí àwọn kékeré tó gba ife conference wọn ló gba àyè méjì tó kù. Ẹni ìkọkànlá ò ní ẹjọ́ tó gbóná tó ti Florida State, mo gbà. Ìyẹn ni èrè tó wà níbẹ̀ lójú tèmi: ìyà ṣì ń jẹ èèyàn, àmọ́ ìyà ẹni tó kéré ni.

Ti àwọn kékeré, wọ́n ti ń wọlé. Tulane àti James Madison wọlé ní sáà 2025. Ole Miss na Tulane 41-10, Oregon na James Madison 51-34. Ẹ̀tọ́ láti wá gba nínà, ẹ̀tọ́ náà ni.

Kọ́lá_AnnArbor

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni àwọn 4 tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó ní ìpele àkọ́kọ́. Sáà 2024: Oregon, Georgia, Boise State, Arizona State. Gbogbo wọn pàdánù ìdíje tí wọ́n kọ́kọ́ gbá. Sáà 2025: Ohio State, Georgia, Texas Tech pàdánù, Indiana nìkan ló yè é. Ìdíje 8, ẹnì kan ló borí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń jókòó sílé nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹni tó ṣe dáadáa jù wá di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Ẹ bá mi wá ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìyẹn.

Màmá_Ọládipọ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi jàre. Ọmọ tó bá sinmi tó pàdánù sàn ju èyí tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ lọ.

Alàgbà_Àkúrẹ́

Màmá, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ìbéèrè kan: ta ló ń fẹ́ kí ó máa fẹ̀ gan-an? Torí tiwa ní AFCON, a mọ ẹni tó fẹ́ ẹ.

Bọ̀dé_Dallas

Bàbá, ẹni tó ń tà á ni. ESPN, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ń san 7.8 bílíọ̀nù dọ́là fún sáà mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti sáà 2026. Big Ten (conference Ohio State, Michigan àti Indiana) àti SEC nìkan á pín ju ìdajì owó náà lọ. Ìdíje kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un, ọjà tuntun ni. SEC ń fẹ́ 16, Big Ten ń sọ 24. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, ni wọ́n bá fi sí 12 fún sáà 2026. Ẹ̀tọ́ tí a ń jà lé lórí yìí, mi ò rò pé ó wà lórí tábìlì wọn rárá.

Kọ́lá_AnnArbor

Tó bá di 24, Ohio State á lè pàdánù sí Michigan, kí wọ́n tún pàdánù sí Michigan, kí wọ́n ṣì gbé ife lọ Columbus.

Adé_Columbus

27-9. Ilé yín ni. Oṣù kọkànlá 2025. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.